Àwọn Ọmọ Tí Wọ́n Ní A Bí Kọ̀ǹpútà Mọ́

Ilé mi ni Sitsofe Gadze dé sí nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ rán an wá sí abúlé wa létí ọ̀sà Keta ní Ghana, kó wá fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ láàárín àwọn ẹ̀yà Anlo yìí, mo sì ti gba oríṣiríṣi tíṣà sílé. Òmíràn á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, òmíràn á máa sunkún nítorí ẹ̀fọn. Sitsofe ò sí nínú méjèèjì. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ètè rẹ̀ máa ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Lábúlé wa, ètè náà ò ráyè sinmi.

Kò tíì pẹ́ tó dé tí wọ́n kó gbogbo tíṣà agbègbè wa jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin kan tó ti Accra wá, Dókítà Amartey. Wọ́n ní kí n wá rán aṣọ ìkélé tó ya níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ṣojú mi.

Dókítà ní, “Àwọn ọmọ tí a bí sáyé fóònù yìí, ọpọlọ wọn yàtọ̀ sí tiwa. Àwọn lonílẹ̀ nínú ayé kọ̀ǹpútà. Àwa àgbà, àlejò ni wá. Ẹ má kọ́ wọn bí wọ́n ṣe kọ́ yín mọ́. Ẹ yà fún wọn lọ́nà!”

Pàtẹ́wọ́ sọ. Tíṣà Kpodo, tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lórí Sitsofe, ló pa tirẹ̀ kíkankíkan jù.

Sitsofe nawọ́. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló yẹ ọpọlọ wọn wò?”

“Ìwádìí lórí ẹ̀ pọ̀ bíi yanrìn, ọmọ mi.”

“Ẹ dárúkọ ẹyọ kan fún wa, sà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé béèrè ibi tí òṣùpá ń sùn. “Ìwọ gan-an, ṣebí ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ ni ẹ́. Àbí o ò mọ̀ ọ́n lára ni?”

“Mo ti pé ọmọ ogún ọdún kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, sà. Bàbá tó dàgbà ju bàbá mi lọ ló sì kọ́ mi. Ṣé àlejò ló wá ń júwe ilé fún onílẹ̀ ni?”

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní àkókò oúnjẹ ti tó.

Nírọ̀lẹ́, a jókòó ti akple àti ọbẹ̀ ilá, kò sì lè panu mọ́. “Màmá, ẹ gbọ́ ná. Bí mo bá ní gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sétí ọ̀sà ti mọ ẹja pa látinú ìyá wọn, ẹ̀yin náà á ní orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ti fóònù, a ó pàtẹ́wọ́, a ó lọ jẹ ìrẹsì!”

“Jẹun jàre. Ẹnu ẹ yìí á kó bá ẹ.”

“Kó kó bá mi. Mi ò ṣá ní pàtẹ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ Dókítà yìí bá Kpodo lára mu ju aṣọ tí mo rán fún un lọ. Òun ló yẹ kó máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n fún odindi ọdún méjì, kò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n kó o sí. “Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn?” ló máa ń wí. “Wọ́n ti mọ̀ ọ́n wá láti ọ̀run!” Á wá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, á máa ta lúdò lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀lẹ ti rí ìrọ̀rí tuntun.

Sitsofe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, Màdáámù Ahiable. Ẹyin ọmọńlé ló bá nínú ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tó tan ìyókù, Delali, ọmọ aládùúgbò mi, ń fi ìka tẹ dígí ojú ọ̀kan bíi ti fóònù ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé máòsì sókè, ó nà án sí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n.

Kpodo yọjú lójú fèrèsé. “Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n á mọ̀ ọ́n fúnra wọn.”

“Sà, ọdún méjì lẹ ti fi wọ́n sílẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni Kpodo ò ti kí i mọ́.

Nígbà tí ìdánwò agbègbè kù sí dẹ̀dẹ̀, ohùn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri orí Wásáàpù. Ohùn náà ki, ó balẹ̀. Ó ní òkun fẹ́ ya wọ ìlú, pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, kí ẹni tó bá gbọ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Nígbà tó dé etí Sitsofe lálẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Màdáámù Ahiable, ó sì béèrè. Màdáámù ní irọ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó kó ìwé ìdánwò wá dé, ọmọ méje péré ló wà ní kíláàsì. Àwọn yòókù wà lóko àlùbọ́sà, wọ́n ń bomi rin ebè. Kpodo tó yẹ kó kó wọn jọ ńkọ́? Ó ti lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Aflao. Ó gba ohùn náà gbọ́, òun gan-an ló sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn òbí.

Sitsofe gun ọ̀kadà, ó ń ti ilé dé oko. Nígbà tó dé ilé Delali, ìyá àgbà, ìyá ọmọ àti ọmọ jókòó lójúde.

Ìyá àgbà ní, “Ohùn ọkùnrin yẹn, ohùn ẹni tó mọ nǹkan ni.”

Ìyá ọmọ ní, “Tíṣà Kpodo ló fi ránṣẹ́.”

Delali ní, “Gbogbo èèyàn ló wà lórí fóònù wọn, Màdáámù.”

Ètè Sitsofe yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìran mẹ́ta, òmùgọ̀ kan ṣoṣo.”

“Ta lò ń pè ní òmùgọ̀, ìwọ ọmọ àná yìí?” Ìyá àgbà ti dìde.

Sitsofe kúnlẹ̀ kíá. “Ẹ má bínú, Mama. Ẹnu mi ló yọ̀. Ẹ yá mi lọ́mọ yín, wọ́n ń ṣèdánwò.” Ìyá àgbà pòṣé, ó sì ti ọmọ síwájú.

Wọ́n ṣe ìdánwò náà, bó tilẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kpodo dé, Màdáámù Ahiable pè é síwájú gbogbo tíṣà. Kpodo ní, “Wọ́n tàn mí ni. Nǹkan àwọn ọmọdé ni fóònù, àwa àgbà, àlejò ni wá.”

Sitsofe ní, “Ẹ̀yin àlejò lẹ fi í ránṣẹ́, àwọn onílẹ̀ náà sì gbà á gbọ́, sà.”

Ní kíláàsì, ó gbé ohùn náà sí etí àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ibo ló ti ń ṣiṣẹ́? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n tún un gbọ́, kí Delali tó fò sókè bí ẹni tó rí ejò lórí ẹní. “Màdáámù, kò tiẹ̀ dárúkọ ara ẹ̀!”

Nígbà tí àkókò Sitsofe lọ́dọ̀ wa pé, Kpodo ló máa fún un ní máàkì. Ó yege, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Kpodo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò bọ̀wọ̀ fágbà. Màdáámù Ahiable bẹ̀ ẹ́ kó yí i padà, ó kọ̀ jálẹ̀. Sitsofe kà á lójú mi, ó ní, “Tíṣà tí òfófó àti lúdò ń kọ́!” Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìwẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń fun imú fún ìgbà pípẹ́.

Kpodo ṣì wà lábẹ́ igi. Wọ́n tilẹ̀ ti rán an lọ sí Accra, ó lọ gba ẹ̀kọ́ sí i lórí àwọn ọmọ ayé tuntun, ó sì ti padà.

Nígbà tí Sitsofe jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìlú Akatsi ni wọ́n fi í sí. Ó máa ń pè mí lọ́jọ́ Sunday. Èyí tó kọjá yìí, ó ní ọ̀gá òun tuntun sọ pé ọpọlọ àwọn ọmọbìnrin ò gba ìṣirò. Mo bi í pé kí ló dá a lóhùn. Ó ní ọ̀la nìpàdé wọn, kí n jẹ́ kí òun jẹun ná.