Gaàrí Ìyá Mi Nínú Ìwé Ọ̀gá

Òórùn gaàrí kíkan ló máa ń kún ọ́fíìsì mi nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ èdè kékeré kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo máa ń fi omi tútù rẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tí n óò sì máa kọ gbogbo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, run, sí káàdì, ní Yorùbá àti ní èdè Sípéènì tí mo kọ́ ní òkè òkun. Ènìyàn ń sáré: correr. Odò ń ṣàn: fluir. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́: funcionar. Obìnrin ń darí ilé ìtajà: dirigir. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn àpẹẹrẹ tirẹ̀, ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo sì ti ń mú àpẹẹrẹ, nítorí n kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí n kò rí rí. Ìwé kan péré ni mo fẹ́ kó ní orúkọ mi lára kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, tí èmi fúnra mi kọ́ nígbà tó wà ní ṣòkòtò péńpé, ní kí n yá òun ní káàdì wọ̀nyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan. "Mà, orúkọ yín ló máa ṣíwájú." Nígbà tí mo tún fojú kàn wọ́n, inú ìwé ni wọ́n wà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà níwájú ìwé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ìwé náà jáde, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí jókòó sí. Mo ṣí i, mo rí gbólóhùn kan tí mo kọ sí káàdì mi: "Omi ṣàn lára àpò ẹ̀gẹ́ ìyá mi fún ọjọ́ márùn-ún." Mo dìde.

"Ọ̀gá, ọjọ́ mélòó ni ìyá yín máa ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó din ín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, tíṣà ni màmá mi o! Wọn ò din gaàrí rí. Òdogbolú la ti ń rà á."

"Ìyá ta wá ló wà nínú ìwé yín?"

Obìnrin tó jókòó tì mí pariwo pé, "Yéè! Ó kó káàdì, ó tún jí ìyá olóhun mọ́ ọn!"

Má rò pé ẹnikẹ́ni dá mi láre. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni alága wí, wọ́n sì gbàdúrà ìparí. N kò dárí jì í, n kò sì ní parọ́ pé mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ, ìyá mi tí kò mọ̀wé rárá ló sì ń kọ́ wọn ní Sípéènì. Orúkọ ọ̀gá wà lókè bí òkúta lórí àpò ẹ̀gẹ́. Ohun tó ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, tiwa ni.