Ẹ̀rọ Ìlọta tí N Kò Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbígbẹ̀yìn mi rí i lórí fóònù ẹ̀ pé wọ́n ti yọ owó ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí kò rà nínú akáǹtì ẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á wá nǹkan ṣe sí i. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó pe báńkì kó tó mu omi. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dé nìyí.

Tísà ni mí nígbà náà. Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n abúlé àwọn àgbẹ̀ kòkó kan lọ́nà Ìsẹ̀ ni ilé-ìwé wa wà. Ìkẹ́rẹ́ ni báńkì wà. Lọ́jọ́ owó oṣù, bí gbogbo wa bá lọ tò síbẹ̀, ta ni yóò kọ́ ọmọ? Nítorí náà, ẹnì kan ni gbogbo wa máa ń kó pásíbúùkù fún. A ó ti sáìn fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní òfìfo, mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹni yẹn á kọ iye owó sí i tó bá débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe tísà láyé ìgbà yẹn, ṣé irọ́ ni mo pa?

Ìyá Ṣadé ló ń bá wa gbà á. Kíláàsì kejì ló ń kọ́, ilé ẹ̀ ò jìnnà sí báńkì, ìjọ kan náà la sì jọ ń lọ. Kò sí ayẹyẹ tí mo ṣe tí kò bá mi dáná ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé kí n ka fọ́ọ̀mù tí Ìyá Ṣadé gbé wá kí n tó sáìn ín, mo lè bá onítọ̀hún jà.

Lọ́dún yẹn, ojú màámi ń lọ. Dókítà ojú ní Àkúrẹ́ ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní ojú òsì ti kú, ohun tó pa á náà ló sì ń ti ojú ọ̀tún láti inú. A gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e, torí ohun tó bá ti lọ níbẹ̀ kì í padà. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni wọ́n ní ká mú wá. Èmi nìkan ni màámi bí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sílẹ̀ ní báńkì lóṣooṣù, ìwọ̀nba tí a ó jẹ nìkan ni mo ń ní kí Ìyá Ṣadé bá mi gbà wá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tí dókítà dá fún wa pé, mo ní kí Ìyá Ṣadé fún mi ní pásíbúùkù mi. Ó ní inú àpótí ọkọ òun ló wà, ọkọ òun sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí Àkúrẹ́. Mi ò fura. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo lọ sí báńkì fúnra mi, mo ní kí wọ́n fún mi ní sitẹ́téméǹtì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ ilé ìtajà kan ní Adó tí n kò gbọ́ rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀meje ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan náírà lóṣooṣù.

Akọ̀wé báńkì ní èmi ni mo fún wọn láṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ọ́. Ó lọ fa fọ́ọ̀mù jáde. Sáìn mi ni! Mo wò ó títí, mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo ṣáà ń sọ pé mi ò ra nǹkan kan. Ọkùnrin náà ṣàánú mi, ó dá ti oṣù tó ń bọ̀ dúró, ó ní kí n kọ lẹ́tà pé mi ò mọ̀ nípa ọjà náà, kí n sì lọ gba ẹ̀rí wá lọ́dọ̀ àwọn tó tà á.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Adó. Ilé ìtajà yẹn a máa rán ọkùnrin kan káàkiri ilé-ìwé pẹ̀lú ìwé tó kún fún àwòrán ọjà. Wàá fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tó wù ọ́, báńkì á máa san án díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mo ti lé e kúrò ní kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mejì! Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ṣí ìwé wọn, ó ní ẹ̀rọ ìlọta ni mo rà. Mo bi í pé ta ni wọ́n gbé e fún. Ó yí ìwé náà sí mi. Orúkọ Ìyá Ṣadé ló wà níbẹ̀ gbangba, àti àdírẹ́sì ilé ẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Iwájú ilé ẹ̀ ló wà. Èmi náà ti gbé ata lọ síbẹ̀ lọ lọ̀ ọ́, mo sì sanwó.

Wọ́n fún mi ní ẹ̀dà ìwé náà. Mo ra bébà ní Adó níbẹ̀, mo kọ lẹ́tà báńkì, mo sì kó méjèèjì sínú báàgì. Ó ku kí n lọ fún wọn. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo gbà lọ? Ilé Ìyá Ṣadé ni. Ṣebí wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti pín òṣìṣẹ́ Oǹdó àti Èkìtì, orúkọ ọkọ òun ò sí nínú ìwé Àkúrẹ́, kò sí nínú ti Adó. Àwọn ti ibí á ní kó lọ sí ọ̀hún, àwọn ti ọ̀hún á ní kó padà síbí. Ó ti lé ní ọdún kan tí kò rí owó oṣù. Ó ní òun fi fọ́ọ̀mù náà sáàárín àwọn tí mo sáìn, torí èmi nìkan ni mò ń fi owó sílẹ̀ lákáǹtì. Òun rò pé ẹ̀rọ náà á ti pa owó ara ẹ̀ kí n tó mọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé owó ojú màámi ni. Ó sọ ìyẹn fúnra ẹ̀, mi ò bi í. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé àti pásítọ̀ wa ti jókòó sí pálọ̀ mi. Ọkọ Ìyá Ṣadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní tí báńkì bá gbọ́, ọlọ́pàá ló kàn, iṣẹ́ obìnrin náà á sì lọ. Ọkọ ò rówó gbà, ìyàwó á tún pàdánù tiẹ̀, kí làwọn ọmọ á jẹ? Wọ́n ní ká fi ṣe ti ilé, pé tí owó oṣù bá ti wọlé, Ìyá Ṣadé á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà.

Màámi gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá. Kò mọ owó tí wọ́n ń sọ. Ó fọwọ́ tọ́ ògiri jáde wá, ó ní, "Fúnkẹ́, gbẹ̀bẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ni." Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n sọ fún un lójú àlejò pé owó ojú ẹ̀ ló ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ lé lórí? Mo ní mo ti gbà. Lẹ́tà mi wà nínú báàgì.

Owó oṣù yẹn ò wọlé. Ti oṣù tó tẹ̀ lé e náà ò wọlé. Kì í ṣe ti Ìyá Ṣadé nìkan, ti gbogbo wa ni. Mo lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọn ò ní kọ́bọ̀ tí wọ́n lè yá mi. Ọjọ́ tí dókítà dá kọjá, ó dá òmíràn, ìyẹn náà kọjá. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀kọ gbígbóná sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.

Oṣù márùn-ún ni mo fi gbé lẹ́tà yẹn kiri kí n tó mú un lọ. Máníjà kà á, ó wo ẹ̀dà ìwé tó wà pẹ̀lú ẹ̀, ó wo déètì. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere, kí ló dé tí mo fi jókòó tì í? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, òun àti ilé ìtajà ti jọ yanjú ẹ̀, ẹgbẹ̀rún méje mi ti padà sínú akáǹtì. Ilé ìtajà wá gbé ẹ̀rọ wọn lọ. Wọ́n dá Ìyá Ṣadé dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ọkọ ẹ̀ sì kó kúrò nílùú.

Mo fi kún èyí tí mo ti tọ́jú tẹ́lẹ̀, mo di gbogbo ẹ̀ sínú híńkáfù, mo mú màámi lọ sí Àkúrẹ́. Dókítà tan iná sí i lójú. Ó ní kí màámi sọ iye ìka tí òun gbé sókè. Màámi ní mẹ́ta. Dókítà ò tíì gbé ọwọ́ sókè rárá.

Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé níbo la ti wà látọjọ́ yìí. Owó tó béèrè pé pérépéré lọ́wọ́ mi. Màámi bi mí bóyá dókítà ti gbowó. Mo ní kò gbà á. Ó ní, "Ó dáa. Jẹ́ á lọ ulé."

Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé. Lójoojúmọ́ ló ń gbàdúrà fún Ìyá Ṣadé, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí orúkọ ọkọ ẹ̀ jáde. Èmi náà ń ṣe àmín. Mi ò sọ fún un títí ó fi kú.

Ẹ má sáìn bébà òfìfo fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ìbejì yín. Tí ẹ bá sì rí i pé wọ́n yọ owó ohun tí ẹ ò mọ̀ nínú akáǹtì yín, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ yín, kó bẹ̀ yín lẹ́yìn ìgbà tí lẹ́tà yín bá ti dé báńkì. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ti ilé rí, kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà láàárín yín tó kọ ẹ̀bẹ̀, tí ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀, torí èmi tí mo gbà á, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ dòní.