Ẹyin Tí Àǹtí Ní Kí N Dín

Ọjọ́ Ajé tí iléèwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1976, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú àárọ̀. Mo mọ̀ nítorí pé aago ara ògiri kọjú sí mi níbi tí mo jókòó sí.

Àǹtí ni àbúrò ìyá mi, tíṣà ni wọ́n ní Súrùlérè. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo parí yunifásítì, mo ń dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Mi ò ní ẹbí mìíràn ní ìlú yìí. Ọkọ wọn, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ti jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Costain. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ yunifọ́ọ̀mù, kò sì sí oúnjẹ nílẹ̀ àfi ìrẹsì àná.

"Gírájúéètì," Àǹtí pè mí, "kí lo lè fi gbogbo ìwé tí o kà sè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Ẹyin ni, mà."

Ojú wọn yí padà díẹ̀. Nínú ilé yẹn, Bọ̀ọ̀dá kì í jẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹyin. Wọ́n gbà pé ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin yóò jalè. Bàbá wọn ló sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò sì rí ìdí láti jiyàn.

"Dín in fún wọn," Àǹtí wí. "Màá bá Dádì wọn sọ ọ́."

Mo gé àlùbọ́sà. Mo lu ẹyin mẹ́ta pọ̀ mọ́ ata gígún àti iyọ̀, mo dà á sórí ìrẹsì tó ti gbóná nínú òróró, mo sì ń rò ó títí ẹyin fi gbá ìrẹsì mú. Páànù tí mo lò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni mo fi dín in. Ọmọ kejì, ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ, lá àwo rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bi Àǹtí bóyá wọ́n ti bá Bọ̀ọ̀dá sọ ọ́.

"A ti sọ ọ́ tán," ni wọ́n fèsì.

Mo máa ń wá ẹ̀rí fún gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò wá ẹ̀rí fún èyí. Àǹtí mi ni.

Láti ìgbà náà ni ẹyin ti di oúnjẹ ìgbàkígbà. Láàárọ̀, mo ń dín in. Bí àwọn ọmọ bá ti iléèwé dé, mo ń sè é, mo ń gé e sáàárín búrẹ́dì. Lọ́jọ́ Sátidé tí Bọ̀ọ̀dá kò sí nílé, mo ń fọ́ ọ sínú ọbẹ̀ ata tó ń hó, a sì ń fi iṣu jẹ ẹ́. Àǹtí fúnra wọn ló ń rà á bọ̀ láti Ọ̀yìngbò. Inú ike gaàrí ni wọ́n ń rì í mọ́. Mo rò pé kó má baà fọ́ ni. Wọ́n ń fi ìwé ìròyìn wé èèpo rẹ̀ sínú báàgì wọn lọ síléèwé. Mo kà á sí ìmọ́tótó. Ẹ̀rí méjì wà níwájú mi, mo sì túmọ̀ méjèèjì sí dáadáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, Bọ̀ọ̀dá ká ọmọ kejì mọ́ ìdí kọ́bọ́ọ̀dù, agolo mílíìkì wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Olè! Ta ló ń fún ọ lẹ́yin jẹ?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n ni. Ojoojúmọ́ ni."

Bọ̀ọ̀dá yíjú sí mi. "Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn? Kí o máa fi ẹyin tọ́ olè fún mi?"

Mo wo Àǹtí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, kò jìnnà sí wa. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Èmi ò mọ̀ sí i o," Àǹtí wí. "Èmi tí mo máa ń wà níléèwé."

Mo ní èsì. Ọmọ mẹ́ta ló jẹ ẹyin, ẹnì kan ló mu mílíìkì. Bọ̀ọ̀dá pàápàá ń jẹ ẹyin láràárọ̀ Sọ́ńdè kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin ọ̀sẹ̀ yẹn sì wà nínú gaàrí. Mo lè hú u jáde. Ṣùgbọ́n bí mo bá hú u, mo ti pe àbúrò ìyá mi ní òpùrọ́ lójú ọkọ àti ọmọ wọn. Mo ń dúró kí Àǹtí sọ ọ́ fúnra wọn. Wọn ò sọ ọ́.

"Wá ibòmíràn gbé," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kàwé gbà mí sí yàrá rẹ̀ ní Sábó, mo ń sùn lórí ẹní. Mi ò lè sọ pé Àǹtí fẹ́ kí wọ́n lé mi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀rù ló bà wọ́n. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ fún ìyá mi, nítorí mi ò béèrè.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ní aago méje àárọ̀, mo padà lọ gbé àpótí mi. Bọ̀ọ̀dá ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń wọ bàtà. Àǹtí gbé àpótí náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò wo ojú mi.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà," ni mo wí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò tíì jẹun. "Ó ku páànù mi."

Mo yí lọ sí kíṣìnì lẹ́yìnkùlé. Páànù náà wà lórí sítóòfù tí wọ́n ti pa, ẹyin díẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án. Ó ṣì gbóná.