Ọjọ́ Tí A Dí Ọ̀nà Etíkun

Nígbà tí ibùdókọ̀ òkun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kìí, tí èrò ń ya wá gbafẹ́ ní etíkun wa ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja abúlé wa.

A ò kórìíra àlejò. Àwa náà ń ta ẹja fún wọn. Ṣùgbọ́n ibi ìgbafẹ́ ń pọ̀, ògiri ń pàdé ògiri, títí ó fi di pé a ń yí po lọ jìnnà kí a tó rí òkun. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń gun àwọ̀n tí a sá sórí yanrìn. Ìjàpá òkun tó máa ń gòkè wá yé kò wá mọ́, nítorí iná àti ariwo. Omi kànga wa di oníyọ̀. A bẹ àwọn oníbi ìgbafẹ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ títí, wọ́n ní ká ṣe sùúrù.

Lọ́jọ́ Iléyá, a wọ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wa dí ọ̀nà. Bàbá Sẹ̀lí, alága wa, tó kọ́ mi níṣẹ́ àwọ̀n, jókòó sínú èyí tó wà níwájú. Mọ́tò tò dé títì. Àwọn àlejò kan bú wa. Àwọn mìíràn ní àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé abúlé wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Sẹ̀lí, ọmọ Bàbá, tó ń se oúnjẹ ní ibi ìgbafẹ́ tó tóbi jù, jáde wá, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.”

“Sẹ̀lí, òkun ló bọ́ ọ kó o tó mọ ibẹ̀.”

“Òkun yẹn ò bọ́ àwọn ọmọ tèmi, Bàbá.”

Bàbá ò dìde nínú ọkọ̀. A ò sì kúrò lójú ọ̀nà títí ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ pè wá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìpàdé, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fún wa láàárín ògiri méjì, wọ́n sì lé alùpùpù kúrò lórí yanrìn.

Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá Sẹ̀lí ti lé òun náà níbi iṣẹ́, nítorí bàbá rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó. Bàbá lọ kí i níbẹ̀. Bàbá sọ fún mi pé ó kúnlẹ̀ kí àwọn, ó gbé oúnjẹ síwájú àwọn, àmọ́ kò jókòó ti àwọn. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò wọ òkun mọ́ títí wọ́n fi kú. Àwọn apẹja yòókù ta ilẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá a borí. A borí: ọ̀nà wa ṣì wà ní ṣíṣí. Ìjàpá ò padà, kànga ṣì níyọ̀. Bẹ́ẹ̀ bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ìjà tí ẹ bá fẹ́ jà lọ́la, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò pàdánù oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í.

Láìpẹ́ yìí, mo rí Sẹ̀lí lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó. Ó kí mi dáadáa, ó ní ṣé ẹja ṣì ń wá. Mo ní ó ń wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló kù tó ń bá yín ti ọkọ̀ sómi?”

Mo wo ojú rẹ̀, ojú bàbá rẹ̀ gan-an ni. Mo ní kò sí.