Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé yàrá méjì ní ọ̀nà Ekenwan ní Benin níbí, ìyá mi bí ọmọkùnrin kan, Délé. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí n tó lọ, ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

Délé kò yàgbẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ó di ọjọ́ kejì, kò yà. Lọ́jọ́ kẹta ni ìyá bàbá mi, Ìyá Àdùnọlá, ki ọṣẹ bọ̀ ọ́ nídìí. Díẹ̀ jáde, dúdú bí ọ̀dà. A yọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí ikùn rẹ̀ fi wú, tó le, tó ń dán, tó sì ń bi omi aláwọ̀ ewé.

Ìyá Àdùnọlá ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àbẹ̀kẹ́, kí lo ń jẹ nínú oyún?"

Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá mi. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, mà."

Èmi ọmọ ọdún méje ni mo lanu: "Ó ń jẹ ṣúgà! Ó kó o pamọ́ sínú agolo mílíìkì, mo rí i."

Òótọ́ ni mo sọ. Ìyá Àdùnọlá pàtẹ́wọ́: "Ọmọ inú rẹ ló tú àṣírí rẹ yẹn!" Kí oṣù náà tó parí, Délé kú. Láti ìgbà náà, "Ìyá Oníṣúgà" ni ẹbí bàbá mi ń pe ìyá mi. Bí wọ́n bá wá ṣọdún, wọ́n á ní, "Oníṣúgà, ṣé o fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà á rẹ́rìn-ín. Kò bá mi wí rí. Òun náà gbà pé òun ló pa ọmọ òun. Ọdún kẹta rèé tí a sin ìyá mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀ ni Fúnmi ọmọ mi, tó ń gbé ní àdúgbò Uwasota ní Benin níbí, bí Tòmíwá. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò yàgbẹ́. Mo rántí Délé. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kò jẹ́ kí a gbé e lọ sílé. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìparí ìfun rẹ̀ kò ní àwọn iṣan tín-ín-tín tó ń sọ fún ìfun pé kó ti ìgbẹ́ jáde. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé ibi tí kò ṣiṣẹ́ kúrò, wọ́n so ibi tó dára mọ́ ìdí.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Edo, kọ́ wa ní oúnjẹ rẹ̀. Ọmú ṣáá ni báyìí. Tó bá di ìgbà ẹ̀kọ, díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí omi má wọ́n ọn, kí a máa fún un ní ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa. Bí ikùn bá wú, tí ara gbóná, tàbí tó ń ya ìgbẹ́ olómi tó ń rùn burúkú, kí a má dúró, kí a gbé e wá kíá. Ó wá ní kí a má fún un ní mínírà àti ohun dídùn, torí ó lè mú kí ìgbẹ́ máa ṣàn.

Ìyá ọkọ Fúnmi, Ìyá Ṣọlá, fò sókè: "Mo wí! Bí ẹni ń mu omi ni Fúnmi ń mu mínírà nínú oyún!"

Fúnmi bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní, "Mama, no be so o! Nothing wey im mama chop cause am. Na so dem born am." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, pé ti ohun dídùn yẹn, ìtọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe òun ló fa àìsàn.

Ṣúgà inú agolo ìyá mi ni mo rántí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Mo dojú kọ Ìyá Ṣọlá. Mo ní, "Ẹ pa ẹnu yín mọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sọ lọ́mọdé, ìyá mi sì rù ú dé sàréè." Mo rò ó fún un látorí Délé. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú Fúnmi: "Ìyàwó mi, má bínú. Ẹnu mi yá jù."

Tòmíwá ti ń sáré kiri báyìí. Bó bá dìde lórí póò, á kígbe, "Grandma, I don poo-poo!" Gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Láyé tiwa, a kì í sọ irú rẹ̀ létí àlejò. Lónìí, obìnrin lè béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò kàn yí dé ọ̀dọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni.