Iṣẹ́ Tí Òkú Kò Rán Mi

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi láìmọye ìgbà pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n wí i. Kí wọ́n wí i fún ẹni tó wà nítòsí, kí wọ́n wí i fún ẹni tó wà lókè òkun, kódà bí ẹni náà bá wà lórí ibùsùn àìsàn. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Wọn ò mọ ohun tí ojú mi rí. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi ikú ìyá ọ̀rẹ́ mi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n fún oṣù mẹ́ta gbáko nílùú òyìnbó, mo sì ń jẹun lé e lórí.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣàgámù. Náírà ṣì jẹ́ owó. Tíṣà lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú kó sì tún rí ẹran fi jẹun lọ́jọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún ìyẹn. Mo ti kó ìsinmi mi jọ fún ọdún mélòó kan, wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta, mo sì pinnu pé ìlú òyìnbó ni mo ń lọ, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì. Yàrá kan náà ni àwa mẹ́ta jọ sùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà. Àwo kan la fi ń mu gaàrí, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jí ló ń wọ bàtà tó dára jù. Ọ̀kan fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Nọ́ọ̀sì ni n ó máa pè é níbí. Èkejì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí Máńṣẹ́sítà. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti fojú kan èyíkéyìí nínú wọn.

Ọmọ ìlú kan náà lèmi àti Nọ́ọ̀sì. Kí a tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì rárá ni mo ti ń jẹun nílé wọn. Ìyá rẹ̀ ń ta obì ní àdúgbò Ìjòkú ní Ṣàgámù. Á jókòó ti agbọ̀n obì rẹ̀, á máa ṣà á, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó dára lọ́tọ̀, á sì máa bú àwọn oníbàárà rẹ̀ láìgbójú sókè. Mi ò tíì rí obìnrin tí èébú dùn lẹ́nu rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń bú gan-an ló ń padà wá rà. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò mi, ó ní inú ń run òun. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi kú. Èmi náà wà lára àwọn tó dáná ìsìnkú, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ lé e.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n lọ ni àgbà mẹ́ta láti ìdílé Nọ́ọ̀sì wá bá mi nílé. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, àbúrò bàbá rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ọmọ, a gbọ́ pé o ń lọ," ó wí. "O máa rí ọmọ wa lọ́hùn-ún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Má wí o. Ulé níbí ló ti máa gbọ́."

Èkejì ló wá là á yé mi. "Ó ku díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Bó bá gbọ́, ńṣe ló máa já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, á wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ kì í sì í gbọ́ ikú ìyá rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tó máa dì í mú. Bó bá dé, a ó fún un lóńjẹ, a ó mú un jókòó, a ó wá wí i fún un díẹ̀díẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, kì í ṣe pé ìkà ni wọ́n. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mi ò ní là á lẹ́nu. Wọ́n gbàdúrà fún mi, pé n ó lọ ire, n ó bọ̀ ire. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn pé wọ́n kà mí sí èèyàn.

Nọ́ọ̀sì wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Ó ti rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan, ó sì dì mọ́ mi títí àwọn òyìnbó fi ń yà fún wa. A wọ ọkọ̀ ojú irin. A ò tíì jókòó dáadáa tó fi bi mí pé, "Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà," mo wí. "Wọ́n ní kí n kí ẹ."

Ó wò mí, ó ní, "Wọ́n ní kí o kí mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọjú sí fèrèsé títí a fi sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé ilé ló ń ro.

Yàrá kan àti kíṣìnì ló ní ní Pẹ́káàmù, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, á bọ́ bàtà, á jókòó sétí ibùsùn tí mo sùn sí, á sì tún béèrè ìyá rẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ṣì ń dùn wọ́n? Ṣé wọ́n ṣì ń lọ sọ́jà? Ẹ̀yin tí ẹ bá ti parọ́ rí á mọ̀ pé èyí àkọ́kọ́ nìkan ló ń nira. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìyá náà ti ń rìn kiri lẹ́nu mi. Mo ní ojú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀. Mo ní wọ́n bá oníbàárà kan jà nítorí obì tí kòkòrò jẹ, mo sì ṣe èébú náà bí ìyá náà ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbádùn ara mi. Mo ń wo ara mi bí ẹni tó mọ ìtàn sọ.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀. Nígbà tó fi máa tó oṣù kejì, èsì dé, ó yege. Ohun tí àwọn àgbà fi dí mi lẹ́nu ti tán nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ wa ti Máńṣẹ́sítà wọ ọkọ̀ ojú irin wá kí a lè jọ ṣàjọyọ̀. Mo ti gbé ewùrà láti ilé, mo fi aṣọ wé e sínú àpótí bí ọmọ tuntun, nítorí náà a ní ìkọ́kọrẹ́ la máa jẹ. Inú kíṣìnì kékeré yẹn, àwa mẹ́ta, à ń rin ewùrà, à ń rántí mátírọ́ọ̀nù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tó máa ń yọ́ wá gbọ́ ohun tí à ń sọ. A rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọdún mẹ́jọ yẹn kò sí. Ẹja gbígbẹ nìkan ló kù tí a ò ní, èmi àti ará Máńṣẹ́sítà bá jáde lọ rà á.

Bí a ṣe yí kọ́nà tán, ó dúró. "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Sọ kí ni?"

"Àbúrò mi kọ lẹ́tà sí mi láti Òde Rẹ́mọ. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú."

Mo ní, "Àwọn àgbà ní kí n má sọ."

"Ṣé àwọn àgbà wà ní Pẹ́káàmù níbí ni?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún un lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe àwọn àgbà ni mo ń rò. Ó ku oṣù kan kí n padà sílé. Nọ́ọ̀sì ti ṣèlérí pé òun á mú mi lọ wo ààfin ọbabìnrin, òun á mú mi lọ sọ́jà tí wọ́n ti ń ta aṣọ lọ́pọ̀. Bí mo bá sọ ọ́, yàrá yẹn á di ilé ọ̀fọ̀. Àwọn èèyàn á máa wọlé, ẹkún á máa sọ, èmi ni n ó sì máa dì í mú. Mi ò wá sí ìlú òyìnbó láti wá pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Ohun tó wà nínú mi nìyẹn, ó burú, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

A padà dé, a jẹun. Bí a ṣe jẹun tán, Nọ́ọ̀sì bá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo yege o. Ṣé nígbà tí o ń bọ̀, ìyá mi ò gbàdúrà kankan tí wọ́n ní kí o bá mi mú wá?"

Ará Máńṣẹ́sítà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wò mí. Mo lè ní wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, mo lè ní ó ti pẹ́. Mo fọ ọwọ́ mi, mo dìde dúró, mo ní, "Wọ́n gbàdúrà o. Wọ́n gbà á dáadáa."

Nọ́ọ̀sì rọra kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ kíṣìnì yẹn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ohun tí ọmọ ń ṣe níwájú ìyá rẹ̀ nìyẹn, mo sì dúró sípò ìyá náà láìtijú. Mo ní wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kọ. Ó ní, "Àmín." Mo ní wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ó ní, "Àmín." Ó ń wojú mi bó ṣe ń wí i, kò di ojú rẹ̀. Ẹnu mi ti ń ṣàn wàyí, àdúrà tí a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa láti kékeré ló ń tò tẹ̀ léra wọn jáde fúnra rẹ̀, ni mo bá ní, "Wọ́n ní ìwọ lo máa sin àwọn."

Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àmín." Ará Máńṣẹ́sítà dìde, ó kó àwo lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ó sì ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà gan-an.

Mo rí ààfin náà. Mo ra aṣọ náà. Oṣù kẹwàá ni mo padà sí Ṣàgámù, Nọ́ọ̀sì sì wá sílé nígbà Kérésìmesì.

Àwọn àgbà ránṣẹ́ pè mí kí ó tó dé, pé kí n wà nítòsí kí n lè dì í mú. A jókòó sínú pálọ̀ ilé wọn ní Ìjòkú. Takisí gbé e dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò béèrè ìyá rẹ̀. Mo rí i pé kò béèrè. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó mu omi. Àbúrò bàbá rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, pé ayé yìí, ọjà ni, pé kò sí ẹni tí kò ní relé. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá mi. Mo ti gbọ́ láti oṣù kẹrin. Ìbátan wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì kò mọ̀ pé ẹ fi pamọ́, ó kọ̀wé kí mi kú ará fẹ́ra kù."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nígbà tó ti ṣe ìdánwò rẹ̀ láṣeyege. Ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ọmọ yìí náà ṣe é. Kò wí." Ó ń yìn mí. Ó ti kú báyìí, àwọn méjì yòókù náà ti kú, mi ò rí ẹnì kankan bá jà.

Oṣù keje ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo kà á nínú orí mi, mo tún un kà.

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Kò pariwo. "Ọ̀rẹ́ wa ti Máńṣẹ́sítà fẹ́ sọ fún ẹ pé mo ti mọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ. Mo ní o máa sọ ọ́ fúnra rẹ."

"O ti mọ̀," mo wí, "o sì kúnlẹ̀?"

"Mo rò pé bí o bá rí mi lórí eékún, ojú á tì ẹ́, wàá dákẹ́. Ńṣe lo fi kún un." Ó gbé ife omi kúrò níwájú rẹ̀. "Kò sí ẹni tó mọ ìyá mi ní gbogbo ìlú yẹn. Láti oṣù kẹrin ni mo ti gbé ẹkún mi sílẹ̀ dè ọ́, pé tí o bá dé, a ó jọ sun ún."

Ó dìde, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo kàn án, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ọ nínú lọ́hùn-ún, ó ń sunkún, òun nìkan, kò sì ṣílẹ̀kùn fún mi.