Kesia Harlan Jókòó Lé Jabesi Lórí

Opó ni Kesia Harlan, wàràkàṣì ló ń ṣe tà ní abúlé kan ní Pẹnsilféníà. Ìgbà tó lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún ni ìjọ Kristẹni tó ń lọ, tí wọ́n ń pè ní ìjọ Ọ̀rẹ́, ní kó lọ máa bá àwọn ará tó ṣì ní ẹrú nílé, kó bá wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi tú wọn sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ó lè dákẹ́ ju òkúta lọ. Tìtorí ìdákẹ́ yẹn ni wọ́n ṣe yàn án.

Jabesi Coate ló kọ́kọ́ lọ bá. Kò sí ẹni tó ń sunkún tó Jabesi nínú ìpàdé bí wọ́n bá dárúkọ àwọn tí ìyà ń jẹ. Àmọ́ Fíbà, ẹrúbìnrin rẹ̀, ló ń dáná, òun ló ń fún wàrà màlúù, òun ló ń bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Bí Jabesi ṣe rí Kesia lókèèrè, ihò tí wọ́n ń kó ápù sí lábẹ́ ilé ló sá wọ̀.

"Wọn ò sí nílé," ni Fíbà wí, ó ń fẹnu júwe ilẹ̀.

Kesia fa àga sórí ilẹ̀kùn ihò náà, ó jókòó, ó dákẹ́. Fíbà gbé ọbẹ̀ fún un, ó kọ̀. Ó ní òun kì í jẹ ohun tí ẹrú bá sè. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan sín nísàlẹ̀.

"Jabesi, ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń mú ọ sín ni, àbí ápù jíjẹrà?"

"Kesia, jẹ́ n jáde! Bí mo bá tú u sílẹ̀, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa Fíbà. "Ta ló ń tọ́jú ta nínú ilé yìí, ọ̀gá?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Jabesi ti tọwọ́ bọ̀wé òmìnira, àkẹtẹ̀ lórí, èérí ápù lórí àkẹtẹ̀. Fíbà ní kí Kesia ka ìwé náà sóun létí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi "ìwọ" pe àwọn méjèèjì, bí àwọn Ọ̀rẹ́ ti ń pe ara wọn láìka àgbà sí.

"Ìwọ ńkọ́, Kesia? Nígbà wo lo tú tìrẹ sílẹ̀?"

Kesia fèsì: "Ọdún méjì sẹ́yìn. Kájò lorúkọ rẹ̀."

"Ọdún mélòó ló fi sìn ọ́?"

"Mọ́kànlélógún."

"O sì ń yínmú sí ọbẹ̀ mi!"

Ojú ti Kesia gan-an.

Fíbà lọ sí Filadẹ́fíà, ó ń ta ọbẹ̀ ata fáwọn atukọ̀. Kesia ṣì wọ ilé mẹ́tàdínlógún mìíràn, ṣùgbọ́n kó tó bá ẹnikẹ́ni wí, ọ̀rọ̀ Kájò ló ń kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Jabesi ní tirẹ̀ gbéyàwó kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìyàwó ọ̀hún ò mọ ọbẹ̀ í sè.